Ìmọ́lẹ̀ Tó Ń Wo Inú Eku



Lálẹ́ òní, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù yín, kí ẹ fi ìka bò ó. Ẹ ó rí i pé ìka yín á pọ́n bí ẹyin iná. Ìmọ́lẹ̀ pupa ló rí ọ̀nà gbà kọjá; ẹ̀jẹ̀ ti gbé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn àwọ̀ yòókù mì. Ìmọ́lẹ̀ kan tún wà lẹ́yìn pupa tí ojú wa kò lè rí, irú èyí tó ń jáde lẹ́nu rìmóòtù tẹlifíṣàn. Ẹ̀jẹ̀ àti omi ara kì í fi bẹ́ẹ̀ dí i lọ́nà.

Òun ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ fi ń wo inú eku láìla ikùn rẹ̀. Wọ́n á gún eku náà ní abẹ́rẹ́ aró kan tó máa ń lẹ̀ mọ́ jẹjẹrẹ. Tí wọ́n bá tan ìmọ́lẹ̀ yẹn sí i, aró náà á tàn padà. Kámẹ́rà á yà á lọ́tùn-ún, lósì, lókè, kọ̀ǹpútà á sì ṣírò bí kókó náà ṣe jìn sínú tó àti bó ṣe tóbi tó. Bí wọ́n ṣe ń mọ̀ nìyẹn, láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, bóyá oògùn tuntun ń ṣiṣẹ́.

Inú mi dùn nígbà tí mo kà nípa rẹ̀, àmọ́ ẹ̀rù tún bà mí. Mo mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn nínú gúrúùpù wa. Ẹnì kan á ní, "Wọ́n ti rí iná tó ń wo jẹjẹrẹ, kò sí ọ̀bẹ mọ́." Obìnrin tó ní kókó lọ́mú á wá jókòó, á máa retí rẹ̀.

Ẹ má retí o. Eku kéré, ara rẹ̀ kò nípọn. Lára tiwa, ìmọ́lẹ̀ náà á ti fọ́nká kó tó jìn sínú. Lóòótọ́, irú aró bẹ́ẹ̀ kan wà fún èèyàn, indocyanine green, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 1959. Àwọn dókítà máa ń lò ó nígbà iṣẹ́ abẹ láti wá àwọn kókó kéékèèké inú abíyá tí jẹjẹrẹ ọmú lè kọ́kọ́ sá lọ. Ó ń ran ọ̀bẹ lọ́wọ́ ni, kò gba iṣẹ́ rẹ̀.

Nítorí náà, tí ọwọ́ yín bá ba kókó lọ́mú, tí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde lórí ọmú, tàbí tí awọ rẹ̀ ṣe ihò-ihò bí èèpo ọsàn, ẹ lọ sí ọsibítù lọ́sẹ̀ yìí. Àyẹ̀wò tó wà nílẹ̀ lónìí ni kí ẹ ṣe.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á sétí ìyá tí kò lè ka fóònù.