Olùkọ́ tí ó Di Ìwé Ru Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a ti ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ará ìlú láti ìgbà pípẹ́, pé ọmọ oko kò fẹ́ ìwé. Àwa tí a ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní abúlé kò lè gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́. A ti rí ọmọ tí ó la ìrì òwúrọ̀ kọjá, tí ó sì wọ́ odò tí kò ní afárá, kí agogo tó lù. A sì mọ̀ pé nígbà tí ó bá padà délé ní ìrọ̀lẹ́, kò sí ojú ewé ìwé kan ṣoṣo níbẹ̀ tí yóò fi ojú kàn. Kí ni a fẹ́ kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kà?

Nítorí èyí ni ìtàn olùkọ́ kan ní ilẹ̀ Kòlómbìà, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ṣe wọ̀ wá lọ́kàn. Luis Soriano ni orúkọ rẹ̀, La Gloria, ìlú kékeré kan ní ẹkùn Magdalena, ni ó sì ti ń kọ́ àwọn ọmọdé. Ó rí i pé àwọn ọmọ náà kò ní ìwé nílé, bẹ́ẹ̀ ni ìjà abẹ́lé ti sọ ọ̀nà agbègbè wọn di eléwu. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, ó kó ìwé 70 jọ, ó di wọ́n ru kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ méjì, ó sì mú ọ̀nà oko pọ̀n. Alfa ni ó pe ọ̀kan, Beto ni ó pe èkejì. Bí a bá so orúkọ méjèèjì pọ̀ ní èdè Sípáníìṣì, ohun tí àwa ń pè ní ABD ni. Ní òpin ọ̀sẹ̀, nígbà tí olùkọ́ mìíràn ń sinmi, òun a máa kàwé sétí àwọn èwe ní abúlé, a máa yá wọn ní ìwé, a sì tún padà wá gbà á.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Ní ọdún 2006 àwọn ọlọ́ṣà dá a lọ́nà létí odò. Nígbà tí wọn kò bá owó lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n dè é mọ́ igi, wọ́n sì mú ìwé ìtàn kan lọ. Ní ọdún 2008 ó ṣubú láti orí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dá. Síbẹ̀, ní ọdún yẹn kan náà, ìwé rẹ̀ ti ju 4,800 lọ, nítorí akọ̀ròyìn kan sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ rẹ̀ lórí rédíò, àwọn ènìyàn sì ń fi ìwé ránṣẹ́ sí i.

A mọ̀ pé ìwé ẹ̀yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kò lè rọ́pò ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó yá ọmọ ní ìwé ti fi hàn pé òun gbà pé ọmọ náà lè kà á. Ẹni tí ó sì padà wá gbà á ti fi hàn pé òun kò gbàgbé rẹ̀. Ohun méjì yìí ni ọmọ oko ń wá lọ́dọ̀ wa. Bí a bá gbé olùkọ́ lọ sí abúlé, ojú ìyà ni ọ̀pọ̀ fi ń wò ó, ọmọ a sì máa ka ìtumọ̀ rẹ̀ lójú olùkọ́ kí ó tó ka A.

Nítorí náà, ẹnikẹ́ni nínú wa tí a bá rán lọ sí oko, kí ó di ìwé mẹ́wàá mọ́ ẹrù rẹ̀, kí ó sì tú ìwé náà fún àwọn ọmọ kí ó tó tú ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀.