Ọjà Tó Ń Jóná Ní Gbogbo Ìrọ̀lẹ́

Tó bá ti di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, Màmá á wé gèlè, wọ́n á gbé báàgì há abíyá, wọ́n á ní àwọn ń lọ palẹ̀ ọjà mọ́ ní Tejúoṣó. Lóòótọ́, Sùúrùlérè là ń gbé, ibẹ̀ ò jìnnà. Ṣùgbọ́n ọjà àtijọ́ tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà ti jóná láti December 2007.

Àwa ọmọọmọ wọn, olóòótọ́ ni wá. A máa ń sọ fún wọn pé, "Màmá, ọjà yẹn ti jóná." Wọ́n á figbe ta, wọ́n á máa gbá ilẹ̀kùn, wọ́n á lu ẹni tó bá súnmọ́ wọn. Tó bá di ọ̀la, wọ́n ti gbàgbé, a ó tún sọ ọ́. Ó pẹ́ kó tó yé wa pé àwa gan-an là ń dáná sun ọjà Màmá ní gbogbo ìrọ̀lẹ́.

Àwọn kan ládùúgbò ní àjẹ́ ló ń jẹ́wọ́. Àwọn míì ní wọ́n kàn ń ṣarán ni. Àìsàn ni o. Àwọn dókítà kan tọpinpin àwọn àgbà ní Ìbàdàn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 fi hàn pé nínú 100 àgbà, bí ẹyọ kan lé díẹ̀ ló ń mú lọ́dọọdún. Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis ní Amẹ́ríkà, ó ju mẹ́ta lọ. Kékeré ni tiwa, ṣùgbọ́n ẹyọ kan yẹn wà nínú ilé wa.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ti kọ́ wa pé tí ẹ̀rọ bá ń pariwo, ohun tó ṣẹlẹ̀ kó tó pariwo lèèyàn ń wá. La bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ tí NEPA bá mú iná lọ, tí jẹnẹrétọ̀ alámùúlégbè sì ń bú, ló máa ń le jù. Ìgbà míì, ìtọ̀ ló ń gbọ̀n wọ́n, tí wọn ò rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa fi sọ ọ́.

Ní báyìí, kí aago mẹ́fà tó lù, a ti tan iná sólà, a ti mú wọn lọ tọ̀. Tí wọ́n bá ní ọjà yá, a ò jiyàn mọ́. A á ní, "Màmá, kí lẹ tà lónìí?" Wọ́n á ní léèsì. A á kó aṣọ jáde, a á jọ máa ká a. Tó bá tán, wọ́n á ní ká ti ṣọ́ọ̀bù.

Kì í ṣe ojoojúmọ́ ló ń rí bẹ́ẹ̀ o. Lánàá, wọ́n fọ́ ọ̀kan nínú wa létí. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò sọ pé ọjà ti jóná.